Kí Ni Ká Kọ́ Sínú Igbó, Kí Ni Ká Kọ́ Síta?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa, lẹ́bàá Iléṣà níbí. A ní igbó kan tí àwọn baba wa kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dáko sí. Omi ń já láti orí àpáta nínú rẹ̀, ọ̀bọ pọ̀ níbẹ̀, àlejò sì ti ń wá wò ó. Ọmọ ìlú wa kan tó wà lókè òkun ti ṣèlérí owó. Ó fẹ́ ká kọ́ ilé àlejò oníyàrá 12, ilé oúnjẹ àti ibi ìgbọ́kọ̀sí sẹ́bàá omi gan-an, ká sì da kọnkéré sójú ọ̀nà látìsàlẹ̀ dókè. Àwọn àgbà ní igbó á bàjẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ ní bí kò bá sí ìrọ̀rùn, àlejò kò ní padà wá, wọ́n ní ṣebí òtẹ́ẹ̀lì wà nínú náṣọ́nà páàkì (igbó tí ìjọba fi òfin dáàbò bò) àwọn òyìnbó. Ta ni ká gbọ́ tirẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú àpérò o, akọ̀wé, ọmọ Owá. Ilé-Ifẹ̀ ni mo ti ń kọ èsì yìí, iṣẹ́ ìtọ́jú igbó àti ètò àlejò inú igbó sì ni mo ń ṣe jẹun. Ẹ má retí pé màá gbè sẹ́yìn ẹnì kan torí pé ó dàgbà, tàbí torí pé ọwọ́ rẹ̀ ni owó wà. Àwọn àgbà yín ríran. Àwọn ọ̀dọ́ náà kò purọ́. Ẹ̀bá omi tí wọ́n fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ sí yẹn ni ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú un látọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó tí àwọn ọ̀dọ́ tọ́ka sí, torí ìtàn tiwọn gan-an ló dá àwọn àgbà láre. Òótọ́ ni, òtẹ́ẹ̀lì wà nínú Yellowstone, náṣọ́nà páàkì àkọ́kọ́ láyé, tí ìjọba Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní 1872. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn, Old Faithful Inn, ti wà níbẹ̀ láti 1904. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí àjẹkù ilé oúnjẹ àwọn òtẹ́ẹ̀lì náà dá sílẹ̀. Inú igbó ni wọ́n ń dà á sí. Béárì, ẹranko ńlá onírun kan, ń wá jẹ ẹ́ lórí ààtàn, àlejò ń wá wo béárì, àwọn alábòójútó wá to bẹ́ǹṣì kalẹ̀ kí àwọn èèyàn lè jókòó wòran. Kò pẹ́ tí béárì fi mọ̀ pé ibi tí èèyàn bá wà, oúnjẹ ń bẹ níbẹ̀. Àkọsílẹ̀ ọgbà náà sọ pé láti 1931 sí 1969, èèyàn bí 48 ni béárì ń ṣe léṣe lọ́dún kan sí èkejì, láìka ọkọ̀ àti àgọ́ tí wọ́n ń fà ya. Ní nǹkan bí 1970 ni wọ́n ti ààtàn tó kù pa. Ọ̀pọ̀ béárì tí kò mọ ọ̀nà ìjẹ mìíràn mọ́ ni wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn pa.

Ẹ fi ọ̀bọ rọ́pò béárì. Ẹni tó bá ti sùn ní ibùdó Wikki ní Yankari, ọgbà ẹranko ní Ìpínlẹ̀ Bauchi, lè sọ fún yín ohun tí ojú àlejò ń rí lọ́wọ́ àwọn ọ̀bọ ńlá ibẹ̀. Wọ́n mọ ilẹ̀kùn, wọ́n mọ fèrèsé, wọ́n mọ báàgì tí búrẹ́dì wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá gbé ilé oúnjẹ sẹ́bàá omi yín, kò ní pẹ́ tí ọ̀bọ yín á fi máa jókòó ti ilé ìdáná dípò kí wọ́n máa wá èso inú igbó. Lọ́jọ́ tí àlejò kò bá sì wá, oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kòkó tó yí igbó ká ni wọ́n máa yà sí. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí àgbẹ̀ ń ṣe fún ọ̀bọ tó bá wọ oko.

Ohun kejì tí àwọn ọ̀dọ́ kò rí nínú ọ̀rọ̀ òyìnbó ni owó àtúnṣe. Láti 1956 sí 1966, Amẹ́ríkà náwó nínàákúnàá sórí ọ̀nà, ilé ìgbàlejò àti ibi ìgbọ́kọ̀sí nínú àwọn náṣọ́nà páàkì wọn, torí pé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, gbogbo ayé ti ra mọ́tò, wọ́n sì ń ya wọlé. Ilé ìgbàlejò nìkan tí wọ́n kọ́ nígbà náà lé ní 100. Lónìí, owó àtúnṣe tí wọ́n jẹ ara wọn lórí ohun tí wọ́n ti kọ́ sínú àwọn ọgbà wọn lé ní bílíọ́nù 20 dọ́là. Bí àpò Amẹ́ríkà kò bá ká a, ta ló máa pààrọ̀ páànù àti páìpù ilé oníyàrá 12 nílùú yín lọ́dún kẹwàá, nígbà tí ọmọ yín tó wà lókè òkun bá ti rí nǹkan mìíràn fi owó rẹ̀ ṣe? Èmi ti rí òkú ilé àlejò nínú igbó rí, ẹ̀yin náà ti rí i. Páànù ti ṣí, ilẹ̀kùn ti lọ, àdán ló ń gbé inú yàrá. Igi tí wọ́n gé láti kọ́ ọ kò sì padà.

Ẹ má rò pé ìjà tó wà láàrin yín yìí tuntun. Òfin 1916 tó dá àjọ tó ń bójú tó àwọn ọgbà náà sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ẹrù méjì lé wọn lórí pọ̀: kí wọ́n pa igbó àti ẹran inú rẹ̀ mọ́, kí wọ́n sì jẹ́ kí aráàlú gbádùn rẹ̀ láìbà á jẹ́ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fa ẹrù méjèèjì mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Ìwọ̀n kan ṣoṣo ni mo máa ń fi wọn ohun tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kọ́ sínú igbó: ṣé ó ń gba igbó lọ́wọ́ àlejò ni, àbí ó ń gba àlejò lọ́wọ́ igbó? Ojú ọ̀nà tó kó ẹsẹ̀ èèyàn jọ síbì kan ń gba igbó lọ́wọ́ àlejò. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ń gba odò lọ́wọ́ wọn. Irin ìdìmú létí ọ̀gbun ń gba àlejò lọ́wọ́ ikú, a ò sì lè bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, ilé ọtí, gbọ̀ngàn ìnáwó: ẹ̀fọn, ooru àti òkùnkùn ni gbogbo ìyẹn ń gba àlejò lọ́wọ́ rẹ̀. Nǹkan tó dára ni wọ́n, èmi náà kì í kọ̀ wọ́n, àmọ́ wọ́n lè wà nígboro kí iṣẹ́ wọn sì pé.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀, torí ibẹ̀ ni igbó kékeré ti ń kú láìsí ẹni tó mọ̀. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí lórí ilẹ̀ tí èèyàn ń tẹ̀ ti rí i léraléra, ní ilẹ̀ púpọ̀, pé ẹsẹ̀ àwọn tó kọ́kọ́ kọjá ló ń ṣe ìbàjẹ́ tó pọ̀ jù. Bí èèyàn díẹ̀ bá ti gba orí ewé tútù kọjá, ọ̀pọ̀ nínú ohun tó máa kú níbẹ̀ ti kú nìyẹn. Bí ẹgbẹ̀rún èèyàn bá tún gba ojú ibẹ̀ gan-an, ohun tí wọ́n máa fi kún un kò tó nǹkan mọ́. Ilẹ̀ tó bá sì ti le kì í tètè rọ̀; omi kì í wọ inú rẹ̀, irúgbìn kì í rí ibi ta gbòǹgbò sí. Nítorí náà, ìmọ̀ràn tó máa ń kọ́kọ́ wá sẹ́nu gbogbo èèyàn nípàdé, pé kí àlejò fọ́n ká kí wọ́n má baà pọ̀ jù síbì kan, òun gan-an ló ń pa igbó. Ẹ kó wọn jọ sójú ọ̀nà kan. Ẹ jẹ́ kí ó le, kó sì fẹ̀ tó kí èèyàn méjì lè pàdé láìjẹ́ pé ẹnì kan yà sínú ewé.

Ẹ lọ dúró sójú ọ̀nà èyíkéyìí tí àlejò ń gbà gun òkè nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà nígbà òjò, kí ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Omi dúró lójú ọ̀nà. Ọmọbìnrin kan tó wọ kámbáàsì funfun dé ibẹ̀, ó yà sápá ọ̀tún kí bàtà rẹ̀ má baà rẹ̀ sí ẹrẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ lé e tẹ ojú ẹsẹ̀ rẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, apá ọ̀tún náà ti di ẹrẹ̀, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wá yà sápá òsì. Bí òjò ọdún bá fi parí, ọ̀nà tó fẹ̀ ní mítà kan ti di mítà mẹ́rin, gbòǹgbò igi ti yọ síta láàrin rẹ̀, àwọn èèyàn sì ń di gbòǹgbò náà mú gun òkè. Igi yẹn máa wó. Kò sí ẹni tó fi àáké kàn án.

Nítorí náà ni mo ṣe sọ pé ojú ọ̀nà ni kí owó ọmọ yín kọ́kọ́ bá. Kì í ṣe kọnkéré látìsàlẹ̀ dókè o. Kọnkéré tí omi ń ta sí lára máa ń hu èéhù, ó sì ń yọ̀. Omi tó bá já lórí rẹ̀ kò ní ibi wọlẹ̀ sí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ló máa wà kòtò sí. Ibi tó ga gan-an ni kí ẹ fi òkúta ìlú yín ṣe àtẹ̀gùn sí, kí síméńtì di òkúta náà mú. Níbi tó kù, ẹ má gbé ọ̀nà gun òkè tààrà. Ẹ jẹ́ kó máa yí gba ẹ̀gbẹ́ òkè. Ohun tí àwọn tó ń la ọ̀nà inú igbó ń tẹ̀ lé ni pé ìdàgẹ̀rẹ̀ ọ̀nà kò gbọ́dọ̀ ju ìdajì ìdàgẹ̀rẹ̀ òkè tó ń gbà lọ, kó má sì fi bẹ́ẹ̀ ju gíga mítà 1 lọ fún mítà 10 tí èèyàn bá rìn. Bó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, òjò á sọ ọ́ di ojú àgbàrá. Ẹ tún to òkúta ní ìdábùú ọ̀nà níbi mélòó kan, kí omi lè máa yà sínú igbó kó tó lágbára.

Níbi tí ilẹ̀ bá ti rọ̀ lẹ́bàá omi, afárá ìrìn tó ga sókè díẹ̀ ló dára. Ní Plitvice, náṣọ́nà páàkì kan ní Kroatíà tí omi ti ń já láti adágún bọ́ sí adágún, orí pákó ni àlejò ń rìn gba orí omi kọjá, láti 2006 sì ni wọ́n ti fòfin de wíwẹ̀ níbẹ̀. Wọn ò torí ìyẹn ṣàìrí àlejò. Wọ́n ń lé ní mílíọ̀nù kan lọ́dún. Nílé níbí, àwọn tó ti dé ọgbà Lekki l'Ékòó mọ ọ̀nà onípákó tó gba orí àbàtà, àti afárá tó gba orí igi kọjá, tó gùn ní mítà 401. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ikán wa kò bá ikán àwọn ará Kroatíà tan. Bí ẹ bá fẹ́ lo pákó, kí òpó ìsàlẹ̀ jẹ́ irin tí kì í dípẹtà, kí pákó orí rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí ẹ lè yọ pààrọ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Ó ku ìgbọ̀nsẹ̀, èyí tí kò sí ẹni tó ń fẹ́ sọ nípàdé. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sí omi ní mítà 30 ó kéré tán, ìsàlẹ̀ kòtò rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ fi mítà kan ààbọ̀ ga ju omi abẹ́ ilẹ̀ lọ. Lẹ́bàá omi tó ń já láti orí àpáta, ẹ kò lè rí ìyẹn. Ilẹ̀ kò jìn kí ẹ tó kan òkúta, sọkawéè kò sì ní rí ibi fà sí. Ohun tí yàrá 12 bá yà sílẹ̀, inú odò ni yóò gbà. Àwọn tó ń pọn omi ní ìsàlẹ̀ ni yóò mu ún. Táǹkì tí kò jò ni ẹ nílò, èyí tí ọkọ̀ agbẹ́gbin máa ń wá fà, ọkọ̀ yẹn kò sì lè gun òkè. Ẹ ti rí i báyìí pé ẹ̀bá títì, lẹ́nu géètì, ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ti yan ibùjókòó fúnra rẹ̀. Kí amọ̀nà máa sọ fún àlejò lẹ́nu géètì pé láti ibí lọ, kò sí òmíràn mọ́. (Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa sọ nínú ìpàdé yín pé ìgbẹ́ àlejò kò já mọ́ nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí àwọn awagóòlù agbègbè Iléṣà ti ṣe fún omi Ọ̀ṣun. Bẹ́ẹ̀ ni. Ìyẹn kò sọ pé kí ẹ bá wọn dá sí i.)

Ti ariwo àti iná kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ wọ inú igbó, ẹ má gbé sípíkà wọ̀ ọ́, kí ilẹ̀ ṣú ní àárín rẹ̀ bó ṣe ń ṣú tẹ́lẹ̀. Lẹ́nu géètì, iná sólà tó dojú kọlẹ̀ ti tó.

Ìdọ̀tí ọ̀rá píọ̀wọ́tà àti ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò gbogbo ibi ìgbafẹ́ wa. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má gbé agolo ìdalẹ̀nù kankan sínú igbó. Ọ̀bọ á tú u, atẹ́gùn á gbé e. Ẹ ka ike tí àlejò gbé wọlé lẹ́nu géètì, ẹ gba owó ìdúró díẹ̀ lé e, kí ó gba owó rẹ̀ padà nígbà tó bá kó ike rẹ̀ jáde.

Ibi ìgbọ́kọ̀sí wá ńkọ́? Òun ni géètì yín gan-an, bí ẹ bá rò ó dáadáa. Bí ẹ bá fi àyè sílẹ̀ fún ọkọ̀ 200, ọkọ̀ 200 máa wá lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde, ẹ kò sì ní lè dá ẹnikẹ́ni padà. Bí ó bá jẹ́ àyè ọkọ̀ 30 ni ẹ ṣe, ẹ ti dín èrò kù láìbá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ má fi èrò ọjọ́ ọdún díwọ̀n ohun tí ẹ máa kọ́. Àlejò ọjọ́ Sátidé lásán ni kí ẹ fi díwọ̀n, kí àwọn ọjọ́ ọdún sì jẹ́ ọjọ́ tí èèyàn gbọ́dọ̀ ti gba tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ kó tó wá. Ẹ̀gbẹ́ títì ni kí ibi ìgbọ́kọ̀sí náà wà pẹ̀lú, lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti dáko sí rí. Bí ẹ bá gé igi ńlá nínú igbó láti fi ṣe é, oòrùn á wọlé, akíntọ́lá-ta-kú á bá oòrùn wọlé, ẹ ó sì máa ro ó títí ayé.

Ẹ wo Maya Bay ní Tàílàńdì, etíkun kékeré kan tó wà nínú náṣọ́nà páàkì wọn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń fi ọkọ̀ ojú omi ya ibẹ̀ lójoojúmọ́, títí iyùn inú omi fi kú. Ìjọba tì í pa ní 2018, wọn kò ṣí i padà títí di oṣù kìíní 2022. Láàrin ìgbà náà, ẹja ekurá padà wá. Nígbà tí wọ́n ṣí i, wọ́n ti gbé ibi ìgúnlẹ̀ ọkọ̀ lọ sí ẹ̀yìn erékùṣù, wọ́n sì fi iye lé èrò tó lè wà níbẹ̀ pọ̀. Owó ọdún mẹ́ta àtààbọ̀ ni títì yẹn gbà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi.

Mo mọ̀ pé owó ni ìbéèrè àwọn ọ̀dọ́ yín dá lé, mi ò sì bá wọn wí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó dáadáa: ilé àlejò tó wà nínú igbó, ẹnì kan ló ń pawó fún. Èyí tó wà nígboro ń pawó fún ọlọ́kadà, ìyá olóúnjẹ, alágbàfọ̀ àti oníṣòwò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ní Rùwáńdà, níbi tí àlejò ti ń san 1,500 dọ́là láti fi wákàtí kan wo ìnàkí ńlá orí òkè, èèyàn 8 péré ni wọ́n ń jẹ́ kó lọ wo agbo kan lọ́jọ́. Ìta ọgbà ni àwọn òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń sùn sí wà, ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé sórí ìrìn àjò ọgbà sì ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó yí i ká. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tí igbó bá ń bọ́ kò ní dẹ pàkúté sínú rẹ̀. Ẹ kọ ìpín tiyín sílẹ̀ kí géètì tó ṣí: iye tó ń lọ sọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́, iye tí ẹ ń tọ́jú fún àtúnṣe, iye tó jẹ́ ti ìlú. Ti àtúnṣe ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ.

Ohun tí àwọn baba yín ṣe nípa fífi èèwọ̀ de igbó náà, òun ni ọ̀pọ̀ náṣọ́nà páàkì ń fi ìwé àti àwòrán ilẹ̀ ṣe lónìí. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo kò jìnnà sí yín. Hẹ́kítà 75 ni, ó wọ ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ti UNESCO ní 2005, ilẹ̀ mìíràn tó tó hẹ́kítà 47 sì yí i ká bí ọgbà láti fi gbà á lọ́wọ́ ìlú. Pípa ẹran àti pípa ẹja jẹ́ èèwọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yin náà, kí ẹ pín igbó yín sí mẹ́ta: ibi tí gbogbo àlejò lè dé, ibi tí ẹnikẹ́ni kò lè dé láìsí amọ̀nà, àti ibi tí ẹnikẹ́ni kò ní dé, ìbáà jẹ́ gómìnà ló wá. Àwọn àgbà yín mọ ibi kẹta yẹn ju èmi lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn ín pẹ̀lú ẹni tó ń wọn ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òfin ilẹ̀ náà kò ṣeé fi sílẹ̀. Igbó yín kì í ṣe náṣọ́nà páàkì, bẹ́ẹ̀ ni omi Olúmirìn ní Erin-Ìjẹ̀ṣà kì í ṣe é. Ìjọba àpapọ̀ ló ń dá irú ọgbà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ìkan nínú mẹ́wàá tí wọ́n kéde ní 2020, Ọba Hill, wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa níbí. Kò pọn dandan kí igbó yín di bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ lọ mọ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba bóyá ilẹ̀ náà wà nínú igbó ọba tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí agbẹjọ́rò kọ ọ́ sílẹ̀ ní orúkọ ìlú, kí ọmọ ẹnìkan má baà gbé e tà lọ́la.

Ní ti ọmọ yín tó wà lókè òkun, ẹ má kọ owó rẹ̀. Ẹ bá a sọ ọ́ báyìí: kó kọ́ ilé oníyàrá 12 rẹ̀ sígboro, kí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀ gàdàgbà, kó jẹ́ tirẹ̀, kó sì máa jèrè rẹ̀. Ohun tó bá fẹ́ fi ta ìlú lọ́rẹ, kó pín in sí ojú ọ̀nà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ẹnu géètì àti owó oṣù ẹ̀ṣọ́ mẹ́rin fún ọdún mẹ́ta. Bó bá ní òun kò gbà, pé ẹ̀bá omi ni dandan, ẹ bi í pé iye mélòó ni yóò fi sílẹ̀ ní báńkì fún àtúnṣe lọ́dọọdún, kí ẹ sì jẹ́ kó kọ ọ́ sílẹ̀ kí bíríkìlà tó já yanrìn.